Tí préṣọ̀ iṣẹ́ bá dé, kí lẹ̀ ń ṣe tí ọkàn yín fi ń balẹ̀?

Àdùnní Ìkòròdú

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará wa. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ilé iṣẹ́ ìbánigbófò kan ní Broad Street ni mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́ ni, èmi ni mo wá ń dúró síwájú àwọn ọ̀gá àgbà ní ìparí oṣù láti ṣàlàyé owó tó wọlé àti owó klémù tí a san jáde. Mo mọ iṣẹ́ yẹn bí ẹni mowó o, gbogbo fígọ̀ yẹn ọwọ́ èmi fúnra mi ló ti ń jáde, àmọ́ tí wọ́n bá ti pe orúkọ mi báyìí pé kí n dìde, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í já, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ọ̀fun á gbẹ, ohun tí mo mọ̀ á kàn pòórá lórí mi. Àwọn kan ní kí n gbààwẹ̀. Ẹnìkan ní ọ́fíìsì wa fún mi ní òògùn kan tó ní òun máa ń lò tí òun bá fẹ́ lọ ṣe íntáfíù, propranolol ni wọ́n kọ sí i lára, mi ò tíì lò ó. Mítíǹgì tó ń bọ̀ yìí, MD fúnra ẹ̀ máa wà níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́ kí lẹ̀ ń ṣe? Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé kí n má bẹ̀rù o, mo ti gbọ́ ìyẹn gbọ́ ìyẹn.

Ọmọ Lafiaji

Ayé ìsinsìnyí ló kàn rọ̀ jù. Àwọn bàbá wa tó ṣiṣẹ́ ní Marina láyé ọjọ́sí, ta ló ń bi wọ́n bóyá ọkàn wọn balẹ̀? Dìde, sọ̀rọ̀, jókòó. Ó tán.

Nọ́ọ̀sì Mushin

Àwọn bàbá tí ẹ ń sọ yẹn náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru ń gbé ṣubú ní balùwẹ̀ tí àwọn ará ilé á ní ayé ló ṣe é. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ jàre.

Àdùnní, ọ̀rọ̀ òògùn yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ kí n tó gbàgbé. Má lò ó. Òògùn ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Lóòótọ́ àwọn dókítà máa ń kọ ọ́ fún ẹni tí ara ẹ̀ ń gbọ̀n níwájú èrò torí pé ó máa ń dín bí ọkàn ṣe ń sáré kù, àmọ́ tí ẹni tó ní ikọ́ fée (asthma) bá gbé e mì, èémí lè há mọ́ ọn láyà, ẹni tí ìfúnpá ẹ̀ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà lè dákú lórí ẹ̀. Dókítà ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ ọ́ wò kó tó fún ọ, kì í ṣe ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jókòó ní ọ́fíìsì. Dá a padà fún un, sọ pé o ṣeun.

Ohun tó ń ṣe ọ́ yẹn, kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe ọ̀tá ilé bàbá ẹ. Nǹkan kékeré kan wà lórí kíndìnrín wa kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni oje ara tí wọ́n ń pè ní adrenaline ti ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ọpọlọ bá rí ohun tó jọ ewu, ọpọlọ ò sì mọ̀yàtọ̀ láàárín MD tó ń wojú ẹ láti òdìkejì tábìlì àti ajá tó já okùn. Ìdí nìyẹn tí ọkàn fi ń sáré, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí apá àti ẹsẹ̀ kó o lè sá tàbí kó o lè jà, ara á dá iṣẹ́ oúnjẹ dúró, itọ́ ẹnu á gbẹ, òun ni ọ̀fun gbígbẹ tó o ń sọ. Torí náà má bá a jà. Ohun tó o lè ṣe ni èémí. Fa á sínú ní ìwọ̀n kíkà mẹ́rin, tú u síta ní ìwọ̀n mẹ́fà sí mẹ́jọ, ṣe é fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Ìmísíta ló ṣe pàtàkì, torí pé ìgbà tá a bá ń mí sínú ni ọkàn máa ń yára díẹ̀, tá a bá ń mí síta á rọra. Ẹni tó bá ń mí kíákíá, tó ń fa afẹ́fẹ́ sínú ṣáá, òòyì ló máa kọ́ ọ. Àwọn èèyàn á ní "mí kanlẹ̀, mí kanlẹ̀", wọn ò ní sọ èyí tó kù.

Àti kọfí. Tó o bá mu kọfí tàbí àwọn ohun amárale inú agolo yẹn ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, bí ìdajì ẹ̀ ṣì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. O ò ní sùn dáadáa, wàá jí pẹ̀lú àyà jíjá, wàá tún mu òmíì. Mo máa ń rí wọn ní klíníkì.

Ẹ̀gbọ́n Kàsíà

Nọ́ọ̀sì ti sọ tán. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un.

Kí n tó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní Ojúẹlẹ́gba, kàsíà báńkì ni mí, ẹni tó bá wà lórí kóńtà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ò lè gbàgbé láéláé. Ní October 2022 ni CBN kéde pé àwọn máa pààrọ̀ 200, 500 àti 1,000 náírà, wọ́n ní 31 January ni ti àtijọ́ máa dópin, wọ́n tún wá sún un sí 10 February, tuntun ò sì tó nílẹ̀. Ìdájí ni àwọn èèyàn á ti tò síwájú géètì. Tá a bá ṣílẹ̀kùn wọ́n á ya wọlé, wọ́n á máa lu gíláàsì, ìyàwó ilé tí ọmọ ẹ̀ wà ní ọsibítù ń sunkún, bàbá arúgbó ń ṣépè, ẹlòmíì á bọ́ra sílẹ̀ nínú báńkì, gbogbo wọn ń wo èmi tí mo wà níwájú bí ẹni pé èmi ni mo ń tẹ owó. Owó tó bá sì dín lọ́wọ́ mi nírọ̀lẹ́, èmi náà ni màá san án látinú owó oṣù mi.

Ẹ wò ó, ohun tó gbà mí ni pé mi ò jẹ́ kí ọwọ́ mi bá ariwo sáré. Tí mo bá fẹ́ ka owó, màá gbé e kalẹ̀ ná, màá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kan kóńtà, màá mí síta lẹ́ẹ̀kan, màá wá bẹ̀rẹ̀. Tẹ́nì kan bá dá mi dúró láàárín, mi ò ní máa ronú ibi tí mo kà á dé, màá tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀, kó bínú títí kó fi rẹ̀ ẹ́. Bí oníbàárà bá ṣe ń gbé ohùn sókè ni èmi á máa rẹ tèmi sílẹ̀, torí tí kò bá gbọ́ mi dáadáa ó di dandan kó dákẹ́ kó lè gbọ́. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́ àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́.

Àbúrò mi, wá nǹkan kékeré kan tí wàá máa ṣe nígbà gbogbo kó o tó lanu, kó máa jẹ́ ohun kan náà ní gbogbo ìgbà, nílé, lójú dígí, ní mítíǹgì kékeré pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ẹ. Kọ́ ara ẹ ní ìgbà tí kò sí préṣọ̀. Tó bá di ọjọ́ MD, ara á ti mọ̀ pé tí ìyẹn bá ti wáyé, iṣẹ́ ló kàn. Kó o sì mọ gbólóhùn àkọ́kọ́ ẹ sórí pátápátá, ọ̀kan ṣoṣo péré, èyí tó kù ò nílò kó o há a sórí. Ẹni tó bá há gbogbo ẹ̀ sórí, tí ọ̀rọ̀ kan bá jábọ́, gbogbo ẹ̀ á dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Alárèré Surulere

Ẹ dákun ẹ jẹ́ kí àwa tá à ń wo eré náà sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ rántí Tobi Amusan, ọmọ wa tó ń sá eré ọgọ́rùn-ún mítà orí ìdènà, ní Eugene ní Amẹ́ríkà, 24 July 2022? Sẹmi-fáínà ló ti kọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 sá a, ó fọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé, gbogbo ayé ń pariwo, àwọn kan ń sọ pé aago ló bàjẹ́. Fáínà sì ń dúró dè é nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà! Ó tún padà síbi ìlà, ó sá 12.06, wọn ò kà á sí rẹ́kọ́ọ̀dù torí pé afẹ́fẹ́ tó ń ti àwọn sárésáré lẹ́yìn jẹ́ mítà 2.5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó ju 2.0 tí wọ́n ń gbà lọ, àmọ́ wúrà wọlé.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ tèmi ni pé èyí tó o ṣe dáadáa lè di ẹrù lórí ẹ bí èyí tó bàjẹ́. Àdùnní ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìgbéga. Kó tó gba ìgbéga, ta ló ń wojú ẹ̀? Ní báyìí ó fẹ́ fi hàn wọ́n pé wọn ò ṣì í gbé. Arábìnrin, wọ́n ti gbé ọ ga ná, ìyẹn ti parí, ó ti wà nínú lẹ́tà. Fígọ̀ oṣù yìí lo ń lọ sọ, o ò lọ dáhùn ẹjọ́ ìgbéga.

Àdùnní Ìkòròdú

Ẹ ṣé gan-an ni o. Ẹ̀gbọ́n Kàsíà, ẹ kú àforítì 2023 yẹn sà. Nọ́ọ̀sì, mo ti dá òògùn padà, ó ní mo gbéraga, ó burú ni?

Alárèré o gún mi níbi tó ń dùn mí o, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Ohun kan tí mi ò sọ ni pé gẹ̀ẹ́sì la fi ń ṣe é, MD wa kì í sì í jẹ́ kéèyàn dé sláìdì kejì kó tó já lu ọ̀rọ̀, á ní kí ni ìtumọ̀ gbogbo èyí fún òun. Ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti máa ń fò lọ. Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni mo sì ń kúrò nílé, kí n tó dé ọ́fíìsì ó ti rẹ̀ mí.

Bọ̀dá HR Yábà

Àbúrò, gẹ̀ẹ́sì yẹn tó o kàn mẹ́nu bà lójijì, òun gan-an ló yẹ ká jókòó tì, àwọn èèyàn kì í sì í sọ ọ́ torí ìtìjú. Orí ẹ ń wá ìdáhùn, ó tún ń wá gẹ̀ẹ́sì tí wọn ò ní fi rẹ́rìn-ín, àyà tún ń já lórí ìyẹn, níbo ni ààyè máa wà fún fígọ̀? Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn ọmọ ọ́fíìsì wa ṣe ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹ̀ ní Yorùbá fún ẹni tí ò mọ nǹkankan nípa iṣẹ́ wọn, ìyá ẹ, ẹ̀gbọ́n ẹ, ẹni tó bá ṣáà wà nílé. "Mọ́mì, owó tí àwọn èèyàn san wá lóṣù yìí pọ̀ ju ti oṣù tó kọjá lọ, àmọ́ èyí tí a san fún àwọn tí mọ́tò wọn bàjẹ́ pọ̀ jù ú lọ, torí pé òjò rọ̀, omi wọ ẹ́ńjìnì, bẹ́ẹ̀ la ṣe rí i pé àwọn kọ́sítọ́mà tó wà ní apá ibi tí omi ń gbà, owó tá à ń gbà lọ́wọ́ wọn ò tó." Tí mọ́mì bá ti bi ọ́ pé "kí lẹ wá fẹ́ ṣe sí i?", mọ́mì ti di MD nìyẹn! Ìdáhùn tó o bá fún mọ́mì ni wàá wá tú sí gẹ̀ẹ́sì, gẹ̀ẹ́sì kúkurú, kó o sì fi ṣe gbólóhùn àkọ́kọ́ ẹ. Má dúró dé sláìdì kejì. Ọ̀gá tó ń já lu ọ̀rọ̀, ìdáhùn ló ń wá, gbé e fún un ní ẹnu ọ̀nà.

Lẹ́yìn náà, kọ àwọn "tí wọ́n bá ṣe báyìí, màá ṣe báyìí" sílẹ̀. Tí MD bá já lu ọ̀rọ̀ mi, màá dánu dúró, màá mu omi ẹnu kan, màá wá dáhùn. Tí mi ò bá mọ fígọ̀ kan, màá sọ pé kò sí lọ́wọ́ mi báyìí sà, màá fi ránṣẹ́ sí yín kó tó di aago mẹ́ta. Tí iná bá lọ tí sláìdì pa, ìwé kan wà lọ́wọ́ mi tí fígọ̀ márùn-ún tó ṣe pàtàkì wà nínú ẹ̀. Onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan, Peter Gollwitzer, ti kọ nípa irú ètò yìí láti 1999, agbára ẹ̀ ni pé o ti pinnu kí wàhálà tó dé, o ò ní máa ronú nígbà tí orí ò ṣeé ronú.

Méjì míì tí ìwádìí ti yẹ̀ wò. Ní 2014, Alison Wood Brooks ní Harvard ní kí àwọn èèyàn kan sọ fún ara wọn pé inú àwọn ń dùn sí ohun tí àwọn fẹ́ ṣe, ó ní kí àwọn míì sọ pé ọkàn àwọn balẹ̀ tàbí pé àyà àwọn ń já, kí wọ́n tó kọrin, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn, kí wọ́n tó ṣe ìṣirò. Àwọn tó ní inú àwọn ń dùn ló ṣe dáadáa jù. Ó yé mi tèmi, ara tó ti gbóná, o ò lè purọ́ fún un pé ó tutù, àmọ́ o lè sọ fún un ibi tí kó kọjú ooru yẹn sí. Èkejì, Ramirez àti Beilock ní 2011 ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú ìdánwò, wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí ò kọ nǹkankan lọ. Kọ ọ́ sínú ìwé, bó ṣe wù ọ́, ní Yorùbá, kó o ya á dànù.

Ohun tó kẹ́yìn, èyí kì í ṣe ti ìwádìí, ti ọ́fíìsì Èkó ni: tí ìròyìn burúkú bá wà nínú fígọ̀ ẹ, má jẹ́ kó jẹ́ inú mítíǹgì ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ gbọ́. Lọ bá ọ̀gá rẹ tààrà lọ́jọ́ tó ṣáájú, fi hàn án. Ọ̀pọ̀ ìbínú inú mítíǹgì, ìyàlẹ́nu ló fà á.

Ọmọ Lafiaji

Ẹ̀yin ìwé yìí. Ká máa ka mẹ́rin, ká máa ka mẹ́jọ, ká kọ̀wé ká ya á. Ẹni tó bá gbàdúrà tó sùn, ṣé kò ní jí dáadáa ni?

Alhaja Balógun

Ẹ̀yin ọmọ mi ẹ kú ọpọlọ pípé o. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́.

Ọmọ Lafiaji, bàbá tìẹ tó ṣiṣẹ́ ní Marina, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ láti Lafiaji, aago mẹ́rin ló ti délé tó ń jẹun. Ọmọ yìí ń ti Ìkòròdú bọ̀ ní ìdájí. Má fi wé.

Àdúrà dáa, èmi náà ń kírun lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, àkókò yẹn gan-an ni fóònù mi kì í dún létí mi. Àmọ́ tí mo bá dìde lórí ẹní, mo máa ń ka aṣọ mi. Tí Iléyá bá kù fẹ́ẹ́fẹ́, ẹ mọ bí Balógun ṣe máa ń rí, ẹsẹ̀ kì í ráyè, aláṣọ ẹbí ń pè pé aṣọ òun dà, kọ̀ńtẹ́nà ṣì wà ní Àpápá, ẹni tí mo rajà àwìn lọ́wọ́ ẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí mo ń ṣe rèé. Láàárọ̀, mo máa ń kọ nǹkan mẹ́ta tí ọjọ́ yẹn ò gbọdọ̀ kọjá láìṣe, ìyókù ìgbà tó bá ráyè. Kì í ṣe gbogbo ìpè ni mo ń gbé. Ẹni tó bá sì fi ariwo wọlé, màá kọ́kọ́ fún un ní àga, màá fún un ní omi tútù. Ẹni tó bá jókòó kì í lè pariwo pẹ́. Ìkánjú oníbàárà, tiẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi, mo lè ràn án lọ́wọ́ láì gbé e wọ̀ bí aṣọ.

Àdùnní, MD yẹn náà, ẹnìkan ń lé e lẹ́yìn.

Ìyá Ìbejì Kétu

Ohun tí Alhaja sọ nípa ìrìn yẹn ni mo wá tẹnu mọ́. Ẹni tó bá gba Third Mainland láàárọ̀ ti ná okun kó tó rí ojú ọ̀gá. Àdùnní, ṣé ọkọ̀ ojú omi láti Ìpakodò ò lè gbà ọ́ ní ọjọ́ mítíǹgì nìkan? Ó wọ́n ju BRT lọ o, mo mọ̀, àmọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lóṣù ni, kó o sì wo ojú ọjọ́. Aládùúgbò mi àtijọ́ tó kó lọ sí Mile 2, láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti bẹ̀rẹ̀ ní September 2023 tó ń gbé e lọ sí Marina, ó ní ojú òun ti là ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Èmi tí mi ò ní ọkọ̀ ojú irin, mo ti pinnu pé mi ò ní ṣí WhatsApp ọ́fíìsì nínú bọ́ọ̀sì. Ohunkóhun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀, mi ò lè ṣe é lórí afárá, màá kàn gbé e dání dé CMS ni. Tí mo bá dé kí ọ́fíìsì tó ṣí, mi ò ní wọlé tààrà, màá rìn díẹ̀ ní Marina kí ara lè nà. Ní ọ̀sán, ibi tí mo fẹ́ràn jù ni Freedom Park ní Broad Street níbẹ̀, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ tí wọ́n sọ di ọgbà ìgbafẹ́ ní 2010. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, èèyàn ń sá kúrò ní ọ́fíìsì lọ sínmi nínú ẹ̀wọ̀n.

Má lọ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ebi, má sì jẹ àmàlà ńlá lọ o. Ẹ̀wà díẹ̀, ẹyin, ọ̀gẹ̀dẹ̀, omi.

Alárèré Surulere

Ọ̀rọ̀ ìsinmi tí mọ́mì sọ yìí, ẹ rántí Hilda Baci ní Lekki ní May 2023. Ọgọ́rùn-ún wákàtí ló fẹ́ fi dáná. Guinness gbà kó sinmi ìṣẹ́jú márùn-ún lórí wákàtí kọ̀ọ̀kan, ó sì lè kó wọn jọ kó tó lò ó. Ìsinmi wà nínú òfin ìdíje yẹn fúnra ẹ̀! Wọ́n tiẹ̀ yọ bíi wákàtí méje kúrò nínú tiẹ̀ torí pé ìsinmi kan gùn ju bó ṣe yẹ lọ, wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 ni wọ́n fọwọ́ sí, ó sì tún gba oyè náà nígbà yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ọ̀sán jẹun lórí kíbọ́ọ̀dù, ta ni judge yín?

Ẹni Tí Kò Fẹ́ Dárúkọ

Mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ láti àná. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Owó ni mò ń wá fún báńkì, tágẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún wa, mi ò mọ ẹni tó lè bá a. Ọjọ́ Monday wọ́n á ka orúkọ ẹni tí ò bá a síta níwájú gbogbo èèyàn. Mi ò kì í sùn mọ́. Oúnjẹ ò wù mí. Mo máa ń jókòó sínú mọ́tò ní páàkì kí n tó wọlé, omijé á kàn máa bọ́. Nígbà míì mo máa ń rò ó pé tí mi ò bá jí láàárọ̀, ìyẹn náà á dáa. Mi ò rò pé mímí síta lè ṣe nǹkankan fún èyí.

Nọ́ọ̀sì Mushin

Ó ṣeun tó o sọ ọ́. Òótọ́ lo sọ, mímí síta nìkan ò tó fún èyí, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹ. Tí oorun àti oúnjẹ bá ti lọ, tí èèyàn wá ń rò ó pé kí òun má jí, ó ti kúrò ní ọ̀rọ̀ préṣọ̀ ọ́fíìsì, ìtọ́jú ló kàn, ìtọ́jú sì wà. Jọ̀ọ́, sọ fún ẹnìkan lónìí, ẹni tó o lè rí lójúkojú, ọkọ, ìyàwó, ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́, kí onítọ̀hún sùn tì ọ́ lálẹ́ yìí, kó sì bá ọ lọ sí ọsibítù lọ́la. Tí ìrònú yẹn bá wá lágbára lóru, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́, ẹ gba ilé ìwòsàn tó bá súnmọ́ yín jù lọ.

Ọsibítù ìjọba àpapọ̀ fún ìtọ́jú ọpọlọ ní Yábà wà láti 1907, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀ ń ní ẹnìkan ti di ará Yábà Left. Ẹ wá wo àwọn tó ń jókòó níbẹ̀ láàárọ̀ tí wọ́n ń dúró de dókítà: táì lọ́rùn, báàgì láptọ̀ọ̀pù lẹ́gbẹ̀ẹ́, tíṣà, lọ́yà, ará báńkì bíi tìẹ. Wọ́n á rí dókítà, wọ́n á padà sílé. LUTH ní Ìdí-Àràbà náà ní ẹ̀ka ẹ̀. Òfin àtijọ́ tó ń pe àwọn èèyàn yìí ní wèrè, ti 1958, wọ́n ti fi tuntun rọ́pò ẹ̀ ní January 2023. Fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀ tó o bá fẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gba káàdì.

Bọ̀dá HR Yábà

Mo fọwọ́ sí gbogbo ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ. Kí n sì sọ èyí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wà ní HR: WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní 2019 kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé kí iṣẹ́ jẹ èèyàn tán báyìí (burnout), láti ibi iṣẹ́ ló ti ń wá, láti inú wàhálà tí wọn ò bójú tó. Kíka orúkọ èèyàn síta lọ́jọ́ Monday kì í ṣe ọ̀nà tí wọ́n fi ń rówó, ẹ̀rù ni wọ́n ń dá. Ìwé dókítà ni kó o kọ́kọ́ gbà. Má kọ lẹ́tà pé o fẹ́ kúrò níṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, má sì ṣe ìpinnu ńlá kankan nígbà tó ò tíì sùn.

Ẹni Tí Kò Fẹ́ Dárúkọ

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń bọ̀ lálẹ́ yìí. Mo ti kọ̀wé sí ẹ ní kọ̀rọ̀, Nọ́ọ̀sì.

Alhaja Balógun

Ọlọ́run á dúró tì ọ́, ọmọ mi. Jẹun kí ẹ̀gbọ́n ẹ tó dé, bó ṣe ẹ̀kọ mímu.

Àdùnní Ìkòròdú

Ẹ̀gbọ́n Kàsíà, ìbéèrè kan péré. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn ńkọ́? Bébà tí mo bá dì mú ló máa ń tú àṣírí mi.

Ẹ̀gbọ́n Kàsíà

Má di bébà kan ṣoṣo mú, òun ló ń gbọ̀n jù. Gbé e sórí fáìlì líle, tàbí kó o tẹ́ ẹ sórí tábìlì kó o fi ìka kan sí fígọ̀ tó o ń kà. Má di ife mú náà, gbé omi sílẹ̀ nítòsí nínú ike tó ní ìdérí. Kó o sì dúró kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ dáadáa, má fì.

Òkè ṣọ́ọ̀bù mi ṣófo ní Saturday, àga wà níbẹ̀. Ẹ wá ní aago méjìlá, èmi àti Bọ̀dá HR máa ṣe MD, a máa já lu ọ̀rọ̀ ẹ dáadáa.

Ọmọ Lafiaji

Ṣé ẹni tí ò sí ní ìbánigbófò lè wá? Mo ní íntáfíù ní Tuesday.

Ẹ̀gbọ́n Kàsíà

Wá. Ẹ chájì láptọ̀ọ̀pù yín láti ilé o, ìtàkùn NEPA àdúgbò wa já láti ọjọ́ Wednesday, gẹ́nì mi ò sì lè gbé ju fáànù àti gílóòbù kan lọ.